Kí Ló Ń Ṣe Òjò Wa? Ìbéèrè Àwọn Ará Èkìtì Lórí Àyípadà Ojú Ọjọ́, Àti Ìdáhùn Mi

Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí, Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí ni kí n máa wo òjò, ooru àti afẹ́fẹ́, kí n sì máa ṣírò ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbàkúùgbà tí mo bá wálé, yálà ìsìnkú ló gbé mi wá tàbí ìkómọjáde, kí n tó jókòó tán ni ìbéèrè á ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, kí ló ń ṣe òjò?" Mo ti ń fi ẹnu dáhùn fún ìgbà pípẹ́. Mo wá rò ó pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi mí gan-an, kí ẹni tí kò bá mi nílé náà lè rí i kà.

Ṣebí ojú ọjọ́ ti máa ń yí padà látọjọ́? Òjò á wá, ọyẹ́ á wá. Kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀?

Bí o bá wú ebè kan, tí iṣu tó wà nídìí rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, o ò ní tìtorí rẹ̀ sọ pé oko ọdún yìí kò dára. Ebè kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n bí o bá wa gbogbo oko tán, tí ti ọdún yìí kéré sí tèṣí, tí tèṣí náà kéré sí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ebè, ó ti di ti ilẹ̀. Òjò àná, oòrùn òní, ebè kan ni wọ́n. Àpapọ̀ wọn láti ọdún dé ọdún ni àwa onímọ̀ ojú ọjọ́ ń wò. 30 ọdún la sì máa ń kó pa pọ̀ kí a tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé báyìí ni ojú ọjọ́ ibì kan ṣe rí.

Ohun tuntun tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo oko náà ló ń yí sí apá kan. Bí a bá kó ooru gbogbo ayé jọ, láti 2011 sí 2020 fi nǹkan bíi dígírì 1.1 gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ. Ọdún 2024 ló sì gbóná jù lọ nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti wọ̀n rí: ó fi nǹkan bíi dígírì kan ààbọ̀ kọjá ti ìgbà àtijọ́ yẹn. Ojú ọjọ́ ti yí padà rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló máa ń gbà á. Èyí ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí bàbá ń bẹ láyé sí ìgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dàgbà.

Báwo ni èéfín ṣe lè mú odidi ayé gbóná?

Èéfín dúdú tí ojú ń rí kọ́ ni àgbà nínú wọn. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Carbon dioxide lorúkọ rẹ̀. Ó ń jáde nígbà tí a bá sun bẹntiróòlù, dísù, gáàsì, èédú tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀, tàbí igi.

Ẹ rántí òru ọyẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, lórí òkè níbẹ̀, nígbà tí èèyàn bá fi kíjìpá bora. Kò sí iná nínú kíjìpá. Ooru ara rẹ ni kò jẹ́ kó tètè sá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayé. Oòrùn á ta sórí ilẹ̀, ilẹ̀ á gbóná, á sì máa tú ooru náà padà sójú ọ̀run. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ mẹ́tíìnì, àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú díẹ̀ nínú ooru yẹn padà. Ìbora yìí fúnra rẹ̀ kò burú o. Láìsí i, ìpíndọ́gba ooru ayé ì bá wà ní dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo, gbogbo omi ì bá dì gbagidi. Ìbora yìí ló mú un dé nǹkan bíi dígírì 15. Àṣìṣe wa ni pé a ń fi ìbora kún ìbora nínú ooru. Kí ilé iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun èédú ilẹ̀, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 280 ni carbon dioxide nínú rẹ̀. Lónìí, ó ti lé ní 420.

Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àná ni àwọn onímọ̀ hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1856, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Foote, gbé ìgò tó kún fún carbon dioxide sínú oòrùn, ó sì rí i pé ó gbóná ju ìgò afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ní 1896, Svante Arrhenius jókòó ti ìwé àti gègé ní Sweden, ó ṣírò bí ayé yóò ṣe gbóná tó bí afẹ́fẹ́ náà bá di ìlọ́po méjì. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré nìyẹn kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Láti 1958 tí Charles David Keeling ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, kò sí ọdún kan tí iye rẹ̀ kéré sí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀.

Wòlíì wa ní àmì ìgbà ìkẹyìn ni. Kí ló mú un dá yín lójú pé ọwọ́ èèyàn ló fà á?

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Èmi náà ń lọ sílé ìjọsìn. Ohun tí a wọ̀n ni mo lè sọ. Bó bá jẹ́ pé oòrùn ló ń gbóná sí i, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi sójú ọ̀run, tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1970, ì bá ti rí i. Wọn ò rí i. Bó bá jẹ́ oòrùn ni, afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún náà ì bá máa gbóná bí ti ìsàlẹ̀ ṣe ń gbóná. Ìsàlẹ̀ ló ń gbóná, òkè ń tutù, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn tó mọ̀ nípa ìbora yẹn ṣe sọ kí ẹnikẹ́ni tó lọ wọ̀n ọ́n.

Èyí tó máa ń wú mi lórí jù ni ti àmì. Kábọ́ọ̀nù inú epo àti èédú ilẹ̀ ní àmì tirẹ̀, nítorí ó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Bí èèyàn láyé àtijọ́ ṣe ń wo ilà ojú tó sì ń mọ ìlú tí onítọ̀hún ti wá, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yẹ èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ wò, tí a sì ń mọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti hú u jáde. Kò sí ẹ̀dá mìíràn tó ń hú epo jáde láyé yìí àfi àwa.

Ṣé omi gbígbóná Ìkògòsì wà lára ooru tí ẹ̀ ń sọ yìí?

Rárá o. Ooru inú ilẹ̀ jíjìn ló ń gbé e jáde, ó sì ti ń gbóná kí ẹnikẹ́ni láyé tó gbẹ́ kànga epo. Ó ń lọ pàdé èyí tó tutù bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Òjò tàn wá jẹ. Ó rọ̀ ní oṣù kẹta, a gbin àgbàdo, ó sì lọ. Kí ló dé?

Ìbéèrè yìí ló sún mọ́ mi jù, òun gan-an ló sọ mí di oníṣẹ́ yìí. Bàbá mi kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó kòkó sí. Nígbà tí wọ́n bá kun ilẹ̀kùn, á tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní ọdún tí mo wọ girama, ó pè mí síbẹ̀, ó ní kí n kà á. Àwọn ọjọ́ ìṣáájú sún mọ́ ara wọn bí ọmọ ìyá. Àwọn ti ìsàlẹ̀ fọ́n káàkiri. Ó ní, "Ìwọ tó ń lọ kọ́wèé, bi wọ́n léèrè fún mi." Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́ ayé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé ìbéèrè náà.

Ìdáhùn tí mo ní rèé. Atẹ́gùn méjì ló ń du ilẹ̀ wa lọ́dọọdún. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù, ó rin gbindin. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, gbígbẹ ni, òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Ibi tí wọ́n ti pàdé máa ń sún lọ sí àríwá lẹ́yìn oṣù kejì, ó sì ń padà wá sí gúúsù nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Òjò ń bá a rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, atẹ́gùn orí òkun yẹn lè fi ìka kan kàn wá, kí òjò kan tàbí méjì rọ̀, kí ti aṣálẹ̀ tún lé e padà. Èyí ló ń tan àgbẹ̀ jẹ. Ó ti wà láyé àtijọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òjò fi lọ kì í ṣe bákan náà mọ́, nítorí oòrùn tó ń mú nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ti le sí i, omi inú ilẹ̀ sì ń tètè gbẹ.

Èkejì ni pé afẹ́fẹ́ tó gbóná ń gbé omi púpọ̀. Bí ooru bá fi dígírì kan lé sí i, omi tí afẹ́fẹ́ lè gbé á fi nǹkan bíi ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹ wò ó bí agbè. Bí agbè bá tóbi sí i, á pẹ́ kó tó kún, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá dà, wìì ni. Nítorí náà, àpapọ̀ òjò ọdún kan lè má yàtọ̀ rárá, kó jẹ́ pé bó ṣe pín ara rẹ̀ ló pa àgbẹ̀: ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn láàárín, lẹ́yìn náà òjò ọjọ́ kan tó wọ́ ebè lọ. Ní 2022, omíyalé gba ẹ̀mí tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, àwọn aládùúgbò wa ní Kogi sì wà lára àwọn tó fojú winá rẹ̀ jù.

Kí ni kí àgbẹ̀ ṣe? Má gbin gbogbo irúgbìn rẹ sórí òjò àkọ́kọ́. Gbin díẹ̀, fi ìyókù dúró. Fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ kí o wo ibi tí omi dé. Bí ó bá rin lókè tó gbẹ nísàlẹ̀, òjò kò tíì dé. Àjọ NiMet, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, sì máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdọọdún jáde kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rò pé òjò yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Ó ń dùn mí gan-an pé ìwé náà kì í dé ọwọ́ àgbẹ̀ abúlé ní èdè tó gbọ́. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín kà á fún yín.

Àwọn bàbá wa ń wo ewé ìrókò àti ìró ẹyẹ, wọ́n sì ń mọ̀gbà. Ṣé irọ́ ni ìmọ̀ wọn?

Kì í ṣe irọ́. Ìran dé ìran ni wọ́n fi fara balẹ̀ wo nǹkan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ohun tí èmi náà sì ń fi ẹ̀rọ ṣe nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń wò ló sún kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ooru ń sọ fún igi pé kó rúwé, òjò kò sì tíì ṣetán. Ẹ má da ìmọ̀ àwọn àgbà nù. Ẹ fi àkọsílẹ̀ kún un.

Kòkó ńkọ́? Ṣé a ṣì lè máa gbìn ín?

A lè gbìn ín, bí a kò bá máa gbìn ín bí a ṣe ń gbìn ín yìí. Igi abẹ́ igbó ni kòkó nílẹ̀ tó ti wá. Ibi ìbòòji ló ti dàgbà, kò sì fẹ́ràn oòrùn gangan. Àwọn bàbá wa fi àwọn igi ńlá sílẹ̀ láàárín oko. Àwa gé wọn tà fún onípákó. Ní báyìí tí ẹ̀ẹ̀rùn ń le, kòkó kéékèèké ló ń kọ́kọ́ kú. Bí òjò bá sì wá pọ̀ lójijì, àrùn tó ń sọ èso di dúdú á bo oko, èyí tó bá sì yè kò ní rí oòrùn tó tó láti gbẹ nígbà tí a bá sá a.

Ẹ ti fi ojú yín rí ohun tí èyí ń ṣe sí ọjà. Ghana àti Côte d'Ivoire ló ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ. Òjò àjù, àrùn, lẹ́yìn náà ọ̀gbẹlẹ̀, dé bá wọn láàárín 2023 sí 2024, nígbà tó sì di 2024, owó tọ́ọ̀nù kan lórí ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là. Àwọn kan níbí kọ́lé nínú owó náà, mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ẹni tó wà ní ìwọ̀ oòrùn wa lè ṣe àwa náà. Ẹ gbin igi ìbòòji padà sínú oko kòkó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kó ṣáájú fún àwọn ọmọ kòkó, kí ẹ sì máa tọ́jú igi ńlá tó bá hù fúnra rẹ̀.

Ní ti iṣu, kí iyán má bàa wọ́n wa: ẹ fi koríko gbígbẹ bo orí ebè bí ẹ bá ti gbin tán. Ilẹ̀ inú ebè á tutù, omi á pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá wa ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ṣé àwa la ba ayé jẹ́? Ta ló ni ẹ̀bi?

Àwa kọ́. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ lódindi ní nǹkan bíi ènìyàn kan nínú márùn-ún láyé, síbẹ̀ èéfín tó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá tó ń fi igi dáná ní Ọ̀yẹ́ kò jẹ ayé ní gbèsè. Carbon dioxide sì máa ń pẹ́ lókè fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà èyí tí ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sun láyé àwọn bàbá bàbá wọn ṣì ń mú ooru lórí oko wa. Inú ń bí mi sí i, mi ò sì ní fi pamọ́. Ní 2022, níbi ìpàdé àgbáyé ní Egypt, wọ́n fẹnu kò láti dá àpò owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí àdánù ń bá. Owó tó ti wọ inú rẹ̀ ṣì kéré gan-an sí bí ìpalára ṣe tó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi wa kò tán síbẹ̀. Gáàsì tí wọ́n ń jó dànù ní Niger Delta, ilẹ̀ wa ni. Igbó tí a ń dáná sun lọ́dọọdún nítorí òkété mélòó kan, ọwọ́ wa ni.

Ẹ ò lè sọ bóyá òjò yóò rọ̀ ní Sátidé, ẹ wá ń sọ ti ọdún 2100?

Mi ò lè sọ iye èèyàn tí yóò wọ Ọjà Ọba ní Adó ní agogo mẹ́wàá ọ̀la. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ láìṣe wòlíì pé ọ̀sẹ̀ Kérésì yóò kún ju ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹfà lọ, torí mo mọ ohun tó ń kó àwọn ọmọ Èkìtì wálé. Òjò Sátidé ni èèyàn agogo mẹ́wàá. Ojú ọjọ́ 2100 ni Kérésì.

Ìṣirò náà sì ti yege ìdánwò. Ní 1967, Syukuro Manabe àti Richard Wetherald fi kọ̀ǹpútà tí kò lágbára tó fóònù ọwọ́ yín ṣírò pé bí carbon dioxide bá di ìlọ́po méjì, ayé yóò fi nǹkan bíi dígírì 2.3 gbóná. Ohun tí a ti rí láti ìgbà náà bá ìṣirò wọn rìn. Ní 2021, Manabe wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí físíìsì.

Kí ló wá ń bọ̀?

Ọmọ tí wọ́n bí ní 2025 yóò pé 75 ọdún ní 2100. Òun ni mo máa ń rò bí mo bá ń wo àwọn ìlà inú ìwé. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Paris pé kí ooru ayé má tó dígírì méjì, kí wọ́n sì sapá kó má kọjá kan ààbọ̀. Bí a ṣe ń lọ yìí, ó lè tó bíi mẹ́ta ní òpin ọ̀rúndún. Dígírì mẹ́ta kò jọ nǹkan létí, àbí? Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba gbogbo ayé ni, ilẹ̀ sì ń gbóná ju òkun lọ. Ní Èkìtì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀sán tí àgbẹ̀ ò ní lè dúró lóko, òru tí ọmọ ìkókó ò ní lè sùn, àti òjò tó ń wọ́ ojú pópó lọ. Òkun náà ń gòkè. Kò ní dé ọ̀dọ̀ wa, òkè ni wá, ṣùgbọ́n ọmọ wa pọ̀ ní Èkó, bí ilẹ̀ bá sì fún wọn níbẹ̀, ilé ni wọ́n ń bọ̀.

Ó ti bọ́ nìyẹn? Ó ti pẹ́ jù?

Kò tíì pẹ́. Bí ayé bá dáwọ́ fífi carbon dioxide kún afẹ́fẹ́ dúró, ohun tí a mọ̀ fi hàn pé ooru ò ní máa gòkè lọ mọ́, níwọ̀n ọdún díẹ̀. Kò ní tètè padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n yóò dúró. Nítorí náà, kò sí ibi tí a ti lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Dígírì 1.7 sàn ju 1.8 lọ, 2.4 sàn ju 2.5. Láàárín 2010 sí 2019, iye tó ń náni láti fi oòrùn pèsè iná fi nǹkan bíi ìdá 85 nínú 100 wálẹ̀. Ẹ wo òrùlé àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Adó: ọ̀pọ̀ ló ti lé jẹnẹrétọ̀ wọgbó. Nàìjíríà náà ṣe òfin àyípadà ojú ọjọ́ ní 2021. Ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún léèrè ibi tí wọ́n bá a dé.

Èmi tí mo wà ní abúlé, kí ni mo lè ṣe láti ọ̀la?

Ẹ má sun igbó. Ẹ má ju pàǹtírí sí gọ́tà. Ẹ gbin igi sí apá ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe jù ni kí ẹ máa wọn òjò. Ẹ wá agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, tí ìdí rẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ rì í mọ́ ilẹ̀ díẹ̀ ní gbangba, kó jìnnà sí òrùlé àti igi, kí atẹ́gùn má bàa dà á nù. Ní agogo méje àárọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ki rúlà ọmọ iléèwé bọ̀ ọ́, ẹ ka iye mìlímítà omi tó wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ oṣù, kí ẹ sì da omi náà nù. Mìlímítà kan túmọ̀ sí pé lítà omi kan bọ́ sórí mítà kan níbùú lóròó. Ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Ẹ má fi àyè sílẹ̀, torí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹni tó bá ń kà á kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ ni, tàbí ẹ̀yin lẹ rìnrìn àjò.